Bí A Ṣe Ń Yan Yanrìn fún Táǹkì Iyùn, àti Bí A Ṣe Ń Tẹ́ Ẹ

Ìbéèrè tí ó ń wá jù lọ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹja òkun àti iyùn alààyè nínú ilé ni èyí: irú yanrìn wo ni kí a dà sí ìsàlẹ̀ táǹkì, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó nípọn tó, kí ni ó sì yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, òkúta ni àbí yanrìn? Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Iná, pọ́ǹpù àti asẹ́ ṣeé pààrọ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́, ṣùgbọ́n yanrìn tí omi ti bò, tí òkúta àti iyùn sì ti jókòó lé lórí, wàhálà ńlá ni kíkó rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra yanrìn kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ fẹ́ sìn.

## Ẹja àti iyùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn

Àwọn ẹja kan wà tí ọ̀rọ̀ yanrìn kò kàn rárá. Clownfish lè gbé lórí gíláàsì lásán títí ayé, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wrasse tí ó jẹ́ ẹ̀yà Halichoeres, irú bí Halichoeres chrysus aláwọ̀ yẹ́lò, inú yanrìn ni ó ń sùn ní alẹ́, inú rẹ̀ náà ni ó sì ń sá wọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Bí yanrìn yín bá le tí ó sì rí págunpàgun, ara rẹ̀ ni yóò bó. Jawfish ní tirẹ̀ a máa gbẹ́ ihò, ó sì ń fẹ́ yanrìn tó jìn, tí a po òkúta wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ mọ́, kí ihò náà má baà máa wó lé e lórí.

Iyùn náà ní tirẹ̀. Acropora, irú iyùn líle kan, àti àwọn iyùn líle bíi tirẹ̀ ń fẹ́ omi tó ń rú gidigidi, omi bẹ́ẹ̀ sì máa ń gbá yanrìn kíkúnná jọ sí igun kan, á wá fi gíláàsì sílẹ̀ ní ìhòòhò ní igun kejì, á sì tún da yanrìn lé iyùn lórí. Ẹni tó bá fẹ́ sin irú iyùn yìí ní láti yan yanrìn tó wúwo díẹ̀, tàbí kí ó má fi yanrìn sí i rárá.

Kí ẹ tó jáde lọ sí ọjà, ẹ kọ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀:

- Ǹjẹ́ ẹja kankan wà lórí àkọsílẹ̀ yín tí ń sùn sínú yanrìn tàbí tí ń gbẹ́ ihò?
- Ṣé omi tó ń rú gidigidi ni iyùn yín ń fẹ́, àbí èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́?
- Ṣé tábìlì tí táǹkì yóò jókòó lé lè gbé ẹrù yanrìn lórí ẹrù omi?
- Bí iná bá lọ, wákàtí mélòó ni ẹ lè fi jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí, ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú tí iná kì í lọ kì í mẹ́nu bà á. A ó padà sórí rẹ̀.

## Irú yanrìn tó wà

Aragonite ni mo máa ń dábàá fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Calcium carbonate ni, ohun kan náà tí iyùn fi ń kọ́ egungun rẹ̀, láti agbègbè Bahamas ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà sì ti ń wá. Àwọn oníṣòwò a máa sọ pé yóò gbé pH omi ró, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀: pH táǹkì iyùn sábà máa ń wà láàárín 7.8 sí 8.4, aragonite kì í sì í yọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣì ní láti máa wọn calcium àti alkalinity (agbára omi láti di pH rẹ̀ mú) omi yín, kí ẹ sì máa fi kún wọn bí iyùn bá ti ń lò wọ́n.

Bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó ni ohun tó yẹ kí ẹ wò dáadáa lára àpò:

- Mìlímítà 0.5 sí 1. Èyí kúnná bíi gààrí Ìjẹ̀bú. Ó dára fún wrasse, fún kùkúmbà òkun àti fún ìgbín òkun tí a ń pè ní Nassarius, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó lágbára yóò máa fẹ́ ẹ kiri.
- Mìlímítà 1 sí 2. Èyí tí ilé iṣẹ́ CaribSea ń tà lábẹ́ orúkọ Special Grade wà ní ìwọ̀n yìí. Ó wúwo tó láti dúró lábẹ́ omi tó ń rú, ọ̀pọ̀ ẹja tí ń tú yanrìn sì lè lò ó. Bí ẹ kò bá ní ìdí pàtàkì láti yan òmíràn, òun ni kí ẹ mú.
- Mìlímítà 3 sókè, ìyẹn iyùn tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́. Oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja a máa já bọ́ sí àárín hóró rẹ̀, ó máa ń ṣòro fún ohun alààyè láti kó o jáde níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì jẹrà sí. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lò ó nínú táǹkì tí iyùn wà.

Yanrìn silica kì í ṣe májèlé, láìka ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ sí. Quartz, òkúta tí yanrìn silica jẹ́, kì í fẹ́ yọ́ sínú omi, ìbẹ̀rù pé yóò máa bọ́ ewédò pupa rúsúrúsú láìdáwọ́dúró sì ti kọjá ààlà. Ohun tí ó fi gbẹ̀yìn ni pé hóró rẹ̀ lè mú, pé kò ṣe nǹkan kan fún pH, àti pé a kì í sábà mọ ibi tí wọ́n ti wà á. Bí ẹ kò bá rí aragonite rà, èyí tí wọ́n fọ̀ dáadáa fún asẹ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́ lè rọ́pò rẹ̀.

Yanrìn dúdú dùn-ún wò, àmọ́ ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì súnmọ́ ọn kí ẹ tó sanwó. Irú èyí tó wá láti inú òkè ayọnáyèéfín lè ní irin nínú. Hóró rẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń nu gíláàsì, yóò sì fá gíláàsì náà yánnayànna.

Yanrìn alààyè, èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò pẹ̀lú omi, ní bakitéríà nínú. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹ má dúró de àkókò tí táǹkì yóò fi gbó, ìyẹn títí bakitéríà inú rẹ̀ yóò fi pọ̀ tó láti kápá ìdọ̀tí ẹja. Ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán lára àpò. Ife yanrìn kan láti inú táǹkì ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́ sábà máa ń ní ẹ̀dá alààyè oríṣiríṣi jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gbé Aiptasia (ẹ̀dá òkun kan tó ń ta iyùn, tó sì ń pọ̀ kíákíá) tàbí ẹyin kòkòrò àrùn wọlé pẹ̀lú. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ pé ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn láìpẹ́.

Yanrìn etíkun. Àwọn tó ń gbé Èkó ló máa ń béèrè èyí jù, nítorí pé òkun kò jìnnà sí wọn. Ẹ má ṣe é. Quartz ni yanrìn etíkun Èkó, kì í ṣe aragonite, òróró ọkọ̀ ojú omi, omi ìdọ̀tí ìlú àti pàǹtírí sì ti bá a pọ̀. Yanrìn tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò kò sàn jù ú lọ.

### Ìdánwò fínígà

Bí wọ́n bá ta yanrìn tí kò ní orúkọ lára àpò fún yín, ẹ bu ṣíbí kan sínú ife gíláàsì, kí ẹ sì da fínígà funfun lé e. Bí ó bá ń hó, tí èéhó kéékèèké ń jáde láti ara hóró rẹ̀, a jẹ́ pé carbonate wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ lọ lọ́ọ́lọ́ọ́, kò ní carbonate nínú, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ silica ni ẹ rà. Ìdánwò yìí kò lè sọ bóyá yanrìn náà mọ́. Irú rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ.

## Báwo ni yóò ṣe nípọn tó?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, kí ẹ sì mú ọ̀kan pàtó.

Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ yanrìn fẹ́lẹ́, láti sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5. Ó rọrùn láti fi rọ́bà ìfami (èyí tí a fi ń fa omi àti ìdọ̀tí jáde) nu, ẹwà rẹ̀ tó, ọ̀pọ̀ ẹja sì lè lò ó. Sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àfi bí ó bá fẹ́ sin wrasse tí ń sùn sínú yanrìn, tí ó yẹ kí ó tó 5.

Èkejì ni ilẹ̀ yanrìn jíjìn, sẹ̀ǹtímítà 10 sókè. Afẹ́fẹ́ oxygen kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, bakitéríà tó ń gbé níbẹ̀ a sì máa sọ nitrate, ohun tí ìdọ̀tí ẹja ń dà gbẹ̀yìn, di nitrogen tí yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí yanrìn bá kúnná, bí aràn àti kòkòrò kéékèèké bá ń gbé inú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tú u. Ṣùgbọ́n ó ń gba àyè, ó wúwo, kì í sì í fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án láéláé.

Ẹ̀kẹta ni ìsàlẹ̀ lásán, tí kò ní yanrìn. Ó mọ́ jù, pọ́ǹpù sì lè lágbára bó ṣe wù yín, àmọ́ orí òkúta nìkan ni bakitéríà yóò ti máa gbé, ọ̀pọ̀ ẹja àti ìgbín kò sì ní lè bá yín gbé.

Ẹ yẹra fún sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9. Ó ti nípọn jù fún rọ́bà ìfami láti nu dé ìsàlẹ̀, kò sì tíì jìn tó láti ṣe iṣẹ́ nitrate bó ṣe yẹ. Ìdọ̀tí ni yóò máa kó jọ síbẹ̀.

### Kílò mélòó ni kí ẹ rà?

Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn àti ìbú ìsàlẹ̀ táǹkì, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú bí yanrìn yóò ṣe nípọn tó, kí ẹ pín in sí 1,000 láti mọ iye lítà, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.5, nítorí pé lítà kan aragonite gbígbẹ wúwo tó nǹkan bíi kílò 1.5. Fún táǹkì tó gùn ní 90, tó fẹ̀ ní 45, tí yanrìn rẹ̀ yóò nípọn ní 4, lítà 16.2 ni, ìyẹn nǹkan bíi kílò 24. Táǹkì kan náà pẹ̀lú yanrìn sẹ̀ǹtímítà 12 yóò gba nǹkan bíi kílò 73, ẹrù àgbàlagbà kan gan-an. Ẹ tún bi tábìlì yín léèrè.

## Bí ẹ ó ṣe tẹ́ ẹ

Kí ẹ tó tú àpò àkọ́kọ́, ẹ rí i pé nǹkan wọ̀nyí ti wà nílẹ̀:

- táǹkì tí ẹ ti fi omi lásán dán wò pé kò jò, tó sì jókòó dọ́gba;
- omi RO/DI (omi tí a fi ẹ̀rọ sẹ́ títí tí ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ fi kúrò) tó pọ̀ tó, àti iyọ̀ táǹkì òkun, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀;
- refractometer, tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, àti ohun èlò ìdánwò fún ammonia, nitrite àti nitrate, ohun mẹ́ta tí ìdọ̀tí ẹja ń dà lẹ́sẹẹsẹ;
- bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí ọṣẹ kò tíì kàn rí;
- àwo pẹrẹsẹ kan tàbí ọ̀rá nínípọn kan.

1. Ẹ gbé òkúta kalẹ̀ lórí gíláàsì kí yanrìn tó wọlé. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ń fò jù lọ. Òkúta tó bá jókòó lórí yanrìn, ọjọ́ tí ẹja goby tàbí edé bá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ ni yóò yí, ó sì lè fọ́ gíláàsì tàbí kó tẹ ẹja pa. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé òkúta yóò ha gíláàsì, ẹ tẹ́ pẹpẹ ike fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi gúlúù tàbí símẹ́ǹtì táǹkì lẹ àwọn òkúta pọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ tì wọ́n wò. Èyí tó bá mì, ẹ tún un tò.

2. Ẹ fọ yanrìn gbígbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ bù ú, má ju ìdámẹ́ta bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ ti ẹnu rọ́bà omi bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ rú u, kí omi funfun sì máa ṣàn kọjá etí bọ́kẹ́ẹ̀tì títí tí ẹ ó fi rí ọwọ́ yín kedere nísàlẹ̀. Ẹ fi omi RO/DI ṣan án kẹ́yìn. Yanrìn alààyè ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ rárá, nítorí pé chlorine yóò pa bakitéríà tí ẹ fi owó rà.

3. Ẹ po omi iyọ̀ sínú àgbá ọ̀tọ̀, kí ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa rú u títí iyọ̀ yóò fi yọ́ tán. Ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 35 ppt (gíráàmù 35 nínú ẹgbẹ̀rún gíráàmù omi), ìyẹn nǹkan bíi 1.026 lórí refractometer tó ń ka bí omi ṣe wúwo tó sí omi lásán, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n Celsius 25.

4. Ẹ da yanrìn yí òkúta ká, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Ó dára kí ti ẹ̀yìn ga díẹ̀ ju ti iwájú lọ. Bí omi bá ti wà nínú táǹkì tẹ́lẹ̀, ẹ fi páìpù PVC gígùn àti àrọ́ gbé yanrìn sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ó má baà tú ká.

5. Ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ lé yanrìn, orí àwo ni kí ẹ sì máa da omi sí, jẹ́jẹ́. Kíkánjú níbí ló ń sọ táǹkì di funfun bọ́láńbọ́lá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

6. Ẹ dúró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tan pọ́ǹpù. Tí ẹ bá tàn án, ẹ kọ ojú rẹ̀ sókè, ní agbára tó kéré jù, kí ẹ sì fi òwú asẹ́ tuntun síbi tí omi ń gbà kọjá. Ẹ máa pààrọ̀ òwú náà lójoojúmọ́. Omi yóò mọ́ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Kí ẹ wá fi sírínjì ńlá fẹ́ eruku tó bà sára òkúta kúrò.

7. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú bakitéríà. Ẹ fi ammonia sí i títí yóò fi tó mìlígíráàmù 2 nínú lítà kan, kí ẹ da bakitéríà inú ìgò sí i bí ẹ bá ní, kí ẹ sì pa iná tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú táǹkì. Ẹ dán omi wò ní ọjọ́ méjì méjì. Ammonia yóò lọ sílẹ̀, nitrite yóò gòkè, lẹ́yìn náà òun náà yóò lọ. Nígbà tí ammonia tí ẹ fi sí i bá ń parẹ́ láàárín wákàtí 24, tí nitrite náà sì jẹ́ òdo, táǹkì ti gbó. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà.

8. Ẹ pààrọ̀ omi púpọ̀, kí nitrate lè dín kù, kí ẹ tó mú ohun alààyè àkọ́kọ́ wọlé.

Ẹ má ṣe fi ẹja ṣe ìdánwò ní ìgbésẹ̀ keje. Ammonia ń jó ẹja ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí, kò sì sí ìdí tí a fi ní láti fìyà jẹ ẹ.

## Ohun tí ẹ ó rí ní oṣù àkọ́kọ́, àti èyí tí kò tó ẹ̀rù

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, eruku pupa rúsúrúsú yóò bo yanrìn. Diatom ni, irú ewédò kéékèèké kan. Ẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí silicate inú omi bá tán, yóò lọ fúnra rẹ̀. Kò sí oògùn tó yẹ kí ẹ rà.

Ohun pupa tó ń yọ̀, tó ń ká bí ẹ bá fà á, cyanobacteria ni, irú bakitéríà kan. Ó fẹ́ràn ibi tí omi kì í dé àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Ẹ fà á jáde, ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì yí ojú pọ́ǹpù síbẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù ni dinoflagellate: okùn rúsúrúsú tó ní èéhó ní orí, tó pọ̀ lọ́sàn-án, tó sì ń dín kù lóru. Ó sábà máa ń wá nígbà tí nitrate àti phosphate bá ti di òdo. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n rí ìdọ̀tí, wọ́n ń pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó burú sí i. Ẹ dá pípààrọ̀ omi dúró ná, kí ẹ sì jẹ́ kí nitrate padà sókè díẹ̀.

Ìlà aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tí ẹ ń rí láàárín yanrìn àti gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ara gíláàsì wọlé ló fà á. Ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì níbẹ̀ bí kò bá dùn mọ́ yín. Èéhó tó há sínú yanrìn náà kì í ṣe àrùn.

## Àwọn tí yóò máa tu yanrìn fún yín

Nassarius àti ìgbín Cerith ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wọlé, díẹ̀díẹ̀. Nassarius a máa rì sínú yanrìn, imú rẹ̀ nìkan ni yóò yọ síta. Ẹ ju ẹran edé wẹ́wẹ́ kan sínú omi, kí ẹ wo bí gbogbo wọn yóò ṣe là yanrìn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbín òkun tí a ń pè ní fighting conch náà dára, bí àyè bá wà.

Valenciennea puellaris, goby tí ń bu yanrìn sẹ́nu tí ń sì sẹ́ ẹ jáde gba ẹ̀yà ara tó fi ń mí, a máa jẹ́ kí yanrìn funfun gbòò, ṣùgbọ́n yóò máa da yanrìn lé iyùn lórí, ebi sì lè pa á nínú táǹkì tuntun. Ẹ bọ́ ọ lọ́tọ̀, kí ẹ sì dé táǹkì, nítorí pé ó ń fò jáde. Ẹja ìràwọ̀ Astropecten ni mo rọ̀ yín kí ẹ má rà: yóò jẹ gbogbo kòkòrò inú yanrìn táǹkì kékeré tán, lẹ́yìn náà ebi yóò pa á.

## Ìtọ́jú

Fún ilẹ̀ fẹ́lẹ́, nígbàkígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi, ẹ ti rọ́bà ìfami bọ ìdá kan nínú mẹ́ta yanrìn, kí ìdá mìíràn wá di ti ìgbà tó kàn. Fún ilẹ̀ jíjìn, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ nù.

Ìkìlọ̀. Bí ẹ bá ti fi yanrìn sílẹ̀ láìnù fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó bá dúdú nísàlẹ̀, tó ń rùn bí ẹyin òbu, hydrogen sulfide ló wà níbẹ̀, ó sì lè pa ẹja láàárín wákàtí díẹ̀. Igun kékeré kan lọ́sẹ̀ kan ni kí ẹ máa mú.

Ọ̀rọ̀ iná wá kàn. Bí iná bá lọ tí pọ́ǹpù dákẹ́, ẹja nìkan kọ́ ló ń mí: bakitéríà àti aràn inú yanrìn ń lo oxygen inú omi pẹ̀lú wọn, bí yanrìn bá sì ṣe nípọn tó ni wọ́n ṣe ń lò ó tó. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń dábàá ilẹ̀ jíjìn fún ẹni tí iná rẹ̀ kò dúró. Bí ẹ bá ní inverter, pọ́ǹpù kan ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ọn, kì í ṣe iná táǹkì. Iyùn lè wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ kan, ẹja kò lè wà láìmí. Bí kò bá sí, ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì, kí ẹ sì tọ́jú bátìrì mìíràn sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ yanrìn nínú táǹkì tó ti ní ẹja, ìdá kan nínú mẹ́ta ni kí ẹ kó jáde lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí ẹ sì wọn ammonia kí ẹ tó kan ìdá tó kù. Tí ẹ bá sì ń kó lọ sí ilé tuntun, ẹ má ṣe gbé táǹkì tí yanrìn ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìdí gíláàsì lè là. Ẹ kó ẹja àti òkúta sínú omi táǹkì ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ bu ife yanrìn kan láti ojú òkè pa mọ́ sínú omi iyọ̀, kí ẹ ra yanrìn tuntun fún táǹkì náà, kí ẹ sì wọ́n ife ti àtijọ́ yẹn lé e lórí lẹ́yìn tí omi bá ti mọ́.